Omi Òjò Tí Iye Fi Ń Fọ Ewé Ẹ̀pà

Iye kú nígbà tí ẹ̀pà rẹ̀ ń yọ òdòdó. Ìyá tó bí màmá mi ni, ṣùgbọ́n Iye ni gbogbo wa ń pè é, bí àwa Ìlàjẹ ṣe ń pe ìyá, títí kan àwọn tí kì í ṣe òun ló bí wọn. Ó jẹun ọ̀sán, ó fọ àwo tó fi jẹun, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kò sì dìde mọ́. Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ ni mo ń lọ̀ ní Ìgbọ́kọ̀dá nígbà tí wọ́n pè mí. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́." Mo lọ aṣọ tó kù tán, mo ká wọn, mo kó wọn sí ààyè wọn. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ojú Iye. Koríko ni.

Mo mọ bí iyanrìn oko Iye ṣe máa ń rí ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ tí oòrùn sì tẹ̀lé e, koríko kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú ìdílé wa, a kì í wọ oko ẹni tó kú títí a ó fi sin ín, àwọn àgbà sì ti sún ìsìnkú síwájú kí àwọn ọmọ tó wà lókèèrè lè dé. Ẹ̀pà tó wà nínú ilẹ̀ yẹn ni gbogbo irúgbìn tí Iye ní. Kò fi ọ̀kankan pamọ́ sílé lọ́dún yìí. Ó gbin gbogbo rẹ̀. Bí koríko bá bò ó, tàbí tí iyọ̀ òkun bá jó ewé rẹ̀, irú ẹ̀pà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge parí nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá Akin, àbúrò màmá mi, lórí fóònù.

"Yẹ́misí, a ò tíì sin ìyá mi, ẹ̀pà lò ń bá mi sọ?"

Òótọ́ ló sọ.

Ilé Iye wà láàárín omi méjì, kò jìnnà sí Àràròmí. Òkun wà níwájú, odò wà lẹ́yìn, iyanrìn gíga kan sì nà gbọọrọ láàárín wọn. Orí iyanrìn yẹn ló ń gbin ẹ̀pà sí. Gbogbo ènìyàn tó kù ládùúgbò ń pẹja. Iye náà pẹja nígbà kan, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀, ó ní ẹja kì í dúró kí ènìyàn bá a wí. Ó fẹ́ràn kí ó máa bá nǹkan wí. Bí a bá ń pè é ní "wọ́n" tó sì gbọ́, yóò béèrè pé, "Àwọn ta?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ "ó" níhìn-ín. Ẹni tó bá rò pé mo ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ kò bá a gbé.

Ìkúnlẹ̀ ló fi ń tu koríko. Ó ní àwọ̀n àtijọ́ kan tó ká, tó sì rán pọ̀ bí tìmùtìmù. Orí rẹ̀ ni yóò kúnlẹ̀ sí, yóò máa tì í síwájú bó ṣe ń lọ. Kì í lo ọkọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀pà bá ti hù. Ọwọ́ ni. Ó gbọ́dọ̀ tu gbogbo ebè tán kí òdòdó tó là dáadáa, nítorí pé lẹ́yìn tí òdòdó ẹ̀pà bá rọ, ohun kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ yóò jáde níbi tí òdòdó náà wà, yóò tẹrí ba, yóò sì gún ilẹ̀ wọlé. Ẹnu abẹ́rẹ́ yẹn ni ẹ̀pà yóò ti so lábẹ́ ilẹ̀. Bí ènìyàn bá fa koríko nígbà náà, gbòǹgbò koríko yóò hú abẹ́rẹ́ jáde, ẹ̀pà tí ì bá so níbẹ̀ kò ní so mọ́. Nítorí náà, koríko tó bá yọ lẹ́yìn àkókò yẹn, Iye kì í fà á. Àlùmọ́gàjí ló fi ń gé orí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlùmọ́gàjí kan náà tó fi ń gé okùn àwọ̀n.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò tí a ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ńjìnì, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò lọ sí Ugbónlá. Orí rẹ̀ pá kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ń wo Iye bó ṣe ń gé koríko.

"Iye, ṣé ẹ ti di onígbàjámọ̀ ni?"

Iye kò gbójú sókè. "Ìwọ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ, kí ló kàn ọ́ nínú irun gígé?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí iyanrìn. Láti ìgbà náà, kò kọjá níbẹ̀ rí kó má sọ nǹkan nípa irun. Èmi ni mo wá béèrè lọ́wọ́ Iye ìdí tí kò fi kúkú fa koríko náà tu. Ó fi ẹnu àlùmọ́gàjí gbé ẹ̀ka ẹ̀pà kan sókè díẹ̀ kí n lè rí abẹ́rẹ́ tó ti wọ ilẹ̀. Ó ní, "Obìnrin tó ń rọbí lọ́wọ́, a kì í fa ẹní kúrò lábẹ́ rẹ̀."

Òróró ló ń fi ẹ̀pà náà ṣe. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé inú oko ni òróró ti ń dára tàbí kó bàjẹ́, kì í ṣe lórí iná. Ẹ̀pà tí koríko bá gba oúnjẹ mọ́ lẹ́nu, ọmọ inú rẹ̀ máa ń kéré, á hunjọ, á dà bí èyí tí a wú kó tó gbó. Òróró inú irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, èyí tó bá sì jáde kì í pẹ́ kó tó yí padà: á máa rùn bí ọ̀dà, á sì máa ha ènìyàn lọ́fun. Nítorí náà, bí a bá ti pa ẹ̀pà tán, a ó tẹ́ ẹ sórí atẹ, Iye yóò sì jókòó tì í, yóò máa ṣa àwọn tó hunjọ kúrò. A kì í bá a sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni a ó yan án, a ó lọ̀ ọ́, a ó máa pò ó pẹ̀lú omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀ títí òróró yóò fi yọ sójú. Èyí tó ṣẹ́kù la ń dín ní kúlíkúlí. Àwa ọmọ ló ń fi gààrí jẹ ẹ́.

Nínú gbogbo òróró tó bá ṣe, ó máa ń bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré, yóò gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń bá a. Kò ní ta ìyókù títí yóò fi ṣí ìgò náà, tí yóò gbóòórùn rẹ̀, tí yóò sì fi kan ahọ́n. Àwọn apẹja tó ń lọ sójú òkun tí wọn kì í tètè padà ló ń ra òróró lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kì í bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Ìyàwó apẹja kan tó ń kánjú bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kó tà fún òun láì dúró de ìgò ojú fèrèsé.

"Iye, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ṣé ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe ni?"

Iye ní, "Mo mọ ohun tí mo ṣe. Mi ò tíì mọ ohun tí ẹ̀pà ṣe."

Bí a bá wọ ọkọ̀ lọ sọ́jà, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí ibi tí à ń lọ. Gbogbo èrò á kọjú síwájú, òun nìkan á kọjú sí wa. Ó máa ń jẹ́ kí ojú tì mí. Ìgbà tí mo di abiyamọ ni èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ̀ títí ọkọ mi fi bi mí pé kí ni mò ń wá lẹ́yìn. Ìdáhùn tí Iye fún mi nígbà èwe mi ni mo fún un: "Ibi tí à ń lọ ò ní sá. Ọmọ ló lè já sómi."

Ẹni tí kò gbé etí òkun lè má mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀. Bí ó bá fẹ́ líle mọ́jú, etí ewé ẹ̀pà á funfun díẹ̀ bí ẹni pé a ku ìyẹ̀fun sí i. Bí oòrùn bá bá iyọ̀ yẹn lórí ewé, ewé á jó, á pọ́n, á gbẹ, ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò sì ní yọmọ dáadáa. Iye máa ń jí wa ní àárọ̀ lẹ́yìn irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó fi omi dídùn fọ ewé kí oòrùn tó yọ. Omi òjò ni. Ó ní dúrọ́mù aláwọ̀ búlúù kan lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Bí ó bá ti kún, yóò fi pákó bò ó, yóò sì gbé irin ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kan tó ti bàjẹ́ lé pákó náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu ife kan níbẹ̀. Omi odò la fi ń wẹ̀, èyí tí iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀, ara wa á sì máa yún wa títí di ìrọ̀lẹ́. Orí ọ̀rọ̀ dúrọ́mù yìí ni òun àti màmá mi ti ń jà jùlọ.

"Iye, ẹ̀pà ń mu omi dídùn, àwọn ọmọ yín ń wẹ omi iyọ̀!"

"Àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀. Wọ́n lè rìn lọ síbi tí omi wà. Ẹ̀pà ńkọ́?"

"Àwọn ènìyàn á sì máa sọ pé ẹ fẹ́ràn ọmọ-ọmọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mú un wá."

Nígbà tí òdòdó bá fẹ́ là, ó tún máa ń po eérú igi mọ́ omi òjò náà, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì fi ìgbálẹ̀ kékeré wọ́n ọn sórí ewé. Ó ní ewé lẹ́nu, kì í ṣe gbòǹgbò nìkan ló ń jẹun. Ṣùgbọ́n n kò rí i kó wọ́n ọn rí láì kọ́kọ́ ti ìka bọ̀ ọ́ kó fi kan ahọ́n. Bí ó bá le jù, á bu omi sí i. "Bí ó bá ta ọ́ láhọ́n, yóò ta ewé."

Òkèèrè ni Bọ̀dá Akin ti ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó padà wálé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí eékún, ó sì bínú. Ó ra pọ́ǹpù tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó ra oògùn apakoríko. Kí n sọ èyí bó ṣe rí: Iye kò kọ̀. Ó jẹ́ kó fún oògùn náà sórí apá kan iyanrìn náà kí a tó gbin nǹkan kan, níbi tí koríko ẹ̀kan pọ̀ sí. Ẹ̀kan náà kú. Ẹ̀pà tí a wá gbìn síbẹ̀ lẹ́yìn náà so dáadáa bí ti apá kejì, òróró rẹ̀ kò sì yí padà lójú fèrèsé. Iye sọ fún Bọ̀dá Akin níwájú gbogbo wa pé, "Ó ṣiṣẹ́. Mo gbà." Síbẹ̀, èyí tó hù láàárín ẹ̀pà, ọwọ́ ló fi fà á.

Èmi ni ẹ̀rù oògùn náà bà. Bọ̀dá Akin da ìyókù rẹ̀ sínú ìgò mínírà, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti mínírà gan-an. Mo gbé e kúrò nílẹ̀, mo gbé e sórí àjà. Nígbà tí mo tún lọ wò ó, kò sí níbẹ̀. Iye ti dì í sínú àpò Bọ̀dá Akin pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, ó sì sọ fún un pé òun àti ìgò náà ló máa jọ wọ ọkọ̀ lọ. Ó ní, "Ohun tó jọ mínírà tí kì í ṣe mínírà kò gbọdọ̀ bá ọmọ gbé ilé kan."

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Bọ̀dá Akin mú ajílẹ̀ olómi wá, irú èyí tí wọ́n ń fún sórí ewé. Ohun tó dára ni; mo mọ àwọn tó lò ó lórí ilẹ̀ òkè tí ẹ̀pà wọn yọmọ dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ sára ike rẹ̀ pé omi tó mọ́ ni kí a fi pò ó. Iye lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Bọ̀dá Akin gbé pọ́ǹpù lọ sẹ́yìn ilé, ó fi omi odò po ajílẹ̀ náà sínú rẹ̀, odò tí òun àti màmá mi ń mu nígbà èwe wọn. Kò sí nílé nígbà tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi fún ọkọ̀ àwọn elépo, tí òkun gba ibẹ̀ wọ inú odò. Àwa tó wà nílé mọ̀. Irú ẹja tí à ń rí níbẹ̀ ti yàtọ̀, àwọn igi etí rẹ̀ ti kú lóòró. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wo omi náà fúnra rẹ̀, bákan náà ló rí. Bọ̀dá Akin fún ajílẹ̀ náà sórí gbogbo ebè ìhà ìlà oòrùn kí Iye tó dé. Kò pẹ́ tí ewé wọn fi jó bí ẹni pé iná gba orí wọn kọjá.

"Omi tí mo mu dàgbà nìyẹn, Iye! Omi tí mo mu dàgbà!"

Iye kò pariwo. "Omi yẹn ti lọ, Akin. Òmíràn ló wà níbẹ̀."

Ó mú un lọ́wọ́ dé etí odò, àgbàlagbà ọkùnrin tó ti ń hu ewú, ó ní kó ti ìka bọ̀ ọ́ kó tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Iye ní, "Ohunkóhun tí o bá fẹ́ fún ohun tí kò lè sọ̀rọ̀, kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Àwọn tó wá kí wa lẹ́yìn ikú rẹ̀ sọ pé ó le. Ó le. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ọdún tí òjò tètè dá ni mo bí Ẹ̀bùn, àkọ́bí mi, ilé Iye ni mo sì wà fún ìtọ́jú ọmọ. Ara ọmọ náà sú, ó sì bó. Bí a bá fi omi odò wẹ̀ ẹ́, igbe tó máa ń ké kì í ṣe igbe ọmọ tí ebi ń pa. Nọ́ọ̀sì ní kí a má jẹ́ kí omi iyọ̀ kàn án mọ́. Ọkọ̀ tó ń gbé omi dídùn wá láti òkè kò sì wá déédéé mọ́, nítorí pé bẹntiróò wọ́n, níbi tí a ti ń rí iná gáàsì àwọn elépo lójú ọ̀run ní gbogbo ìgbà. Mo ń ru ọmọ káàkiri ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ ìró irin lóde. Iye ti gbé irin ẹ́ńjìnì kúrò lórí dúrọ́mù. Ó bu omi òjò, ó tọ́ ọ wò, ó mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì wẹ ọmọ mi.

Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní àárín ìgbà náà, afẹ́fẹ́ òkun dé. Iye dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo iyanrìn. Ẹ̀pà wà lórí rẹ̀, abẹ́rẹ́ wọn ti wọ ilẹ̀. Omi tó kù nínú dúrọ́mù tó láti fọ ewé náà lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní ṣẹ́kù.

Mo ní, "Iye, ẹ lọ fọ ẹ̀pà yín. A ó wá nǹkan ṣe sí ti ọmọ."

Ó ní, "Wọlé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sọ́mọ."

Ewé náà jó. Nígbà tí a wú ẹ̀pà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣófo, ìyókù hunjọ. Òróró rẹ̀ yí padà lójú fèrèsé. Iye kò tà á, kò sì jẹ́ kí a fi se ọbẹ̀. Ó dà á sínú àtùpà. Ẹ̀pà ọdún yẹn la fi ń ríran nírọ̀lẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Iná rẹ̀ pọ́n, ó ń rú èéfín. Apẹja kan wá béèrè òróró tirẹ̀, Iye ní, "Tọdún yìí, ojú ló ń jẹ ẹ́." Irúgbìn tó rí ṣà nínú gbogbo rẹ̀ kò kún agolo mílíìkì. Inú agolo yẹn ni gbogbo ẹ̀pà tó gbìn títí ó fi kú ti wá. Mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ara Ẹ̀bùn ti dán nígbà náà. Ó ń ṣa ẹ̀pà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀pà a máa tún hù."

A sin ín. Mo rántí ìsìnkú náà bí ohun tí mo rí láti inú ọkọ̀ tó ń kọjá lọ. Àwọn ènìyàn kọrin, èmi náà la ẹnu. Wọ́n fún mi ní pùpùrù àti ẹja, mo jẹ ẹ́ tán, n kò mọ bó ṣe rí lẹ́nu. N kò sunkún. Mo ń ka orí àwọn ọmọ mi lórí afárá pákó iwájú ilé Iye, kí ọ̀kan má baà lọ sétí omi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ ti fẹ́ láti òkun mọ́jú. Bọ̀dá Akin ló kan ilẹ̀kùn yàrá tí mo sùn sí nílé Iye. Ó gbé korobá dání.

"A ti sin ín," ó ní. "Ǹjẹ́ o ṣì ń bọ̀ wá wo ẹ̀pà rẹ?"

Koríko ti ga ju ẹ̀pà lọ níbi púpọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ẹ̀ka kan sókè. Abẹ́rẹ́ ti wọ ilẹ̀. Bọ̀dá Akin na ọwọ́ sí koríko kan.

"Ẹ má fà á, Bọ̀dá."

Ó dá ọwọ́ dúró. Mo fún un ní àlùmọ́gàjí Iye, èmi sì mú èyí tí mo fi ń ránṣọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ẹlẹ́ńjìnì ń kọjá lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó wò wá, ó ṣí fìlà. Kò sọ ohunkóhun nípa irun.

Iyọ̀ funfun wà létí gbogbo ewé. Oòrùn kò tíì yọ. Ẹ̀bùn wà lórí afárá pákó níbi tí mo ní kó dúró sí. Ọmọ ilé-ìwé girama ni báyìí, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kó dá sún mọ́ omi. Mo gbọ́ ìró irin. Mo yíjú padà, mo sì rí i pé ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti gbé irin ẹ́ńjìnì kúrò, ó ti ṣí pákó. Dúrọ́mù náà kún dé ẹnu. Iye ti bò ó kó tó lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán ìkẹyìn rẹ̀.

Ọmọ náà bu omi sínú korobá, ó ń gbé e bọ̀ láàárín ebè, ó ń wo ibi tó ń tẹ̀. N kò sọ fún un pé kó dúró. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbé korobá sílẹ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n.

Bọ̀dá Akin ń wò ó. "Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"

"Iye ni."

"Báwo ló ṣe rí?" mo béèrè.

"Ó dùn."

Mo ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ìlà oòrùn. Oòrùn ti ń bọ̀."